Gbèsè Tí Ẹlẹ́ṣin Jẹ Ẹṣin

Lára àwọn àwo idẹ tí wọ́n rọ fún ààfin Ọba Bìní, ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York tí àwọn onímọ̀ fi sí àárín ọdún 1550 sí 1680. Ọba ló wà láàárín rẹ̀, lórí ẹṣin. Kò ya ẹsẹ̀ gùn ún. Ẹ̀gbẹ́ kan ló jókòó sí. Àwọn ẹmẹ̀wà dì í lápá mú, àwọn mìíràn na asà sókè láti fi ṣíji bò ó. Ọba ló tóbi jù nínú àwòrán náà, ẹṣin abẹ́ rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá mọ ẹṣin gùn yóò rí i lójú kan pé ẹṣin yìí kò lọ sí ogun, kò sì lọ sí ìdíje eré sísá: ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹṣin ré kọjá ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Iyì ni wọ́n ní kó gbé, iyì náà ló sì gbé. Lónìí, nígbà tí ẹni tó lówó lè ra ẹṣin kó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní GRA tàbí ní Ugbor ní ìlú Bìní, ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ẹran tó ń gbé iyì wa, kí ni a jẹ ẹ́? Ṣé oúnjẹ àti omi nìkan ni? Èrò tèmi ni pé a jẹ ẹ́ ní ilẹ̀ tí yóò ti máa rìn pẹ̀lú, àti pé pápá ìgẹṣin tí èèyàn ṣe sínú ọgbà ilé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tó fi kún ilé bí kò ṣe gbèsè tó ń san.

Ẹṣin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ Bìní. Igbó kìjikìji ló yí ìlú náà ká láyé àtijọ́, eṣinṣin tsetse sì pọ̀ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin yìí a máa gbé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹran kan lọ sínú ẹ̀jẹ̀ òmíràn; ẹṣin tí ó bá kó o, ara rẹ̀ yóò máa gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa gbẹ, yóò rù kan eegun, bí kò bá sì rí oògùn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Robin Law, òpìtàn tó kọ odindi ìwé kan lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1980, fi hàn pé Ọ̀yọ́ pàápàá, tí agbára rẹ̀ dúró lórí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, kò lè ṣe kó má ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará òkè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, kí ni ká wá sọ nípa Bìní? Ìtàn kan sọ pé Ọ̀rànmíyàn ló kọ́kọ́ mú ẹṣin dé ibẹ̀. Olfert Dapper, ará Holland tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà ṣùgbọ́n tó kó ìròyìn àwọn oníṣòwò jọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1668, kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ọba máa ń jáde kí ará ìlú rí i, lórí ẹṣin, tòun ti àwọn ìjòyè tó gun ẹṣin àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àlejò ọlá ni ẹṣin ní Bìní. Kò dá wá, kò sì lè dá gbé. Ẹnì kan ní láti gé koríko fún un lójoojúmọ́, kó pọnmi fún un, kó lé eṣinṣin lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú.

Ibí yìí ni ìpìlẹ̀ àròjinlẹ̀ mi wà. Ẹni tó bá mú ohun ẹlẹ́mìí kúrò níbi tó ti lè ṣètò ara rẹ̀, tó mú un wá síbi tí kò ti lè ṣe é, ẹni náà ti gba gbogbo iṣẹ́ tí ohun ẹlẹ́mìí yẹn ń ṣe fún ara rẹ̀ sí ọrùn ara rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó bá wù ú nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn gbà pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n gbà pé omi àti oògùn wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọn kì í kà mọ́ ọn ni ìrìn, nítorí pé lójú wa, ẹran tó dúró jẹ́ẹ́ ni ẹran tó ń sinmi. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tó wà ní pápá a máa jẹ koríko tó wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, bó ṣe ń jẹ ló ń gbé ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti ìdí koríko kan dé ìdí òmíràn. Ikùn rẹ̀ kéré sí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, kò sì lè bì; bí oúnjẹ bá há sí ìfun rẹ̀, inú rírun tó tẹ̀ lé e lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrìn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìfun náà ṣiṣẹ́. Bí pátákò bá ṣe ń tẹ ilẹ̀ náà ló ń bá ẹ̀jẹ̀ gòkè padà láti ẹsẹ̀; ẹṣin tí wọ́n bá tì mọ́lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú. Bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, orí rẹ̀ pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú: yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì lójú kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, yóò máa fi eyín gé pákó ilẹ̀kùn, yóò máa rìn yíká inú yàrá tí kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí olówó gbé sí gáréèjì fún oṣù kan kò pàdánù ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹṣin tó dúró ní ilé ẹṣin fún oṣù kan ti pàdánù oṣù kan nínú ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tó wà. Ilẹ̀ tó gùn ní 100 ẹsẹ̀ tó sì fẹ̀ ní 100 ẹsẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ń rà ní Bìní láti fi kọ́lé, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n mítà sí ọgbọ̀n mítà lọ. Pápá tí àwọn tó ń dánrawò fún ìdíje ìgẹṣin ń lò, èyí tó kéré jù jẹ́ 20 mítà sí 40, èyí tó tóbi jẹ́ 20 sí 60. Kò sí bí èyíkéyìí nínú wọn ṣe lè gba inú púlọ́ọ̀tì kan, ká má tíì sọ ti ilé, kànga, jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀nà ọkọ̀. Àyíká olóbìírí tí ẹṣin lè sáré yípo nínú rẹ̀, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ogún mítà, lè gba ibẹ̀ bí ilé bá kéré. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ó ń bi olówó léèrè kí ó tó ná owó: ṣé ẹṣin ni o fẹ́ ni, àbí àwòrán ẹṣin? Ẹni tó kọ́ ilé alájà méjì, tó fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ gbogbo ilẹ̀ tó kù, tó wá so ẹṣin mọ́ abẹ́ àtíbàbà létí géètì kí àlejò lè rí i, ti dáhùn ìbéèrè náà.

Àwọn ìwé mímọ́ tí àwa àti àwọn ará Bìní ń kà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé Òwe, orí 12 ẹsẹ 10, sọ pé olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ sí. Òfin ọjọ́ ìsinmi tó wà nínú Ẹ́kísódù dárúkọ ẹran ọ̀sìn pọ̀ mọ́ ọmọ, ìránṣẹ́ àti àlejò: bí baálé bá ń sinmi, ẹran náà ní ẹ̀tọ́ ìsinmi. Ìwé Diutarónómì tún kìlọ̀ fún ọba pé kó má kó ẹṣin jọ rẹpẹtẹ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n hádíìsì kan tí Bukhari gbà sílẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ. Ànábì pín àwọn tó ní ẹṣin sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí ẹṣin jẹ́ ẹ̀san rere fún, ẹni tó jẹ́ ààbò fún, àti ẹni tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún. Ẹni tó ní in fún ìgbéraga àti ká-rí-mi ni ẹni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ààbò fún ni ẹni tí kò gbàgbé ẹ̀tọ́ Ọlọ́run tó wà lọ́rùn ẹṣin náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó sì ń sìn ín sí ojú ọ̀nà Ọlọ́run, okùn gígùn ló fi so ó ní pápá tútù; gbogbo ibi tí ẹṣin náà jẹ dé ní ìwọ̀n okùn náà ni a kọ sílẹ̀ fún un ní rere, bí okùn náà bá sì já tí ẹṣin sáré gun òkè kan tàbí méjì, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ pàápàá di ẹ̀san fún olówó rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé okùn gígùn ni, kì í ṣe kúkúrú. Ẹ kíyè sí i pé ìrìn tí ẹṣin rìn fún ara rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lórí rẹ̀, ni wọ́n kà sí iṣẹ́ rere fún èèyàn. Àwọn ọdẹ wa náà mọ nǹkan kan tó sún mọ́ èyí. Nínú ìjálá, wọ́n a máa kì ẹranko bí wọ́n ṣe ń kì èèyàn. Ẹran tí wọn yóò pa, wọ́n mọ̀ pé ó ní ìwà tirẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ti fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù, àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Yóò ní owó òun ni òun fi ra ẹṣin, Ọlọ́run sì ti fi ẹranko sábẹ́ èèyàn láti inú Jẹ́nẹ́sísì. Òótọ́ ni pé ó fi wọ́n sábẹ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sí ìtumọ̀ ìjọba nínú Bíbélì tó sọ pé ọba kò jẹ aráàlú ní nǹkan kan. Àwọn wòlíì kò bá àwọn ọba Ísírẹ́lì wí nítorí pé wọ́n jọba, wọ́n bá wọn wí nítorí bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́. Òwe ẹrú àti ẹrù yẹn pàápàá, ẹrù ló ń sọ, kò sọ pé àárẹ̀ kì í mú ẹrú. Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, gbà pé a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹranko, ṣùgbọ́n ìdí tó rí ni pé ẹni tó mọ́ ọn lára láti ṣe bẹ́ẹ̀ yóò le sí èèyàn. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, síbẹ̀ ìdí yẹn kò tó. Ẹṣin tí inú ń run lóru nínú ilé tí a tì, tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí kò sì mú ọkàn ẹnikẹ́ni le, inú ń run ún náà ni. Ìrora náà kò dúró de kí èèyàn kan bàjẹ́ nítorí rẹ̀ kó tó di ohun tó burú. Jeremy Bentham ti rí èyí ní England lọ́dún 1789 nígbà tó kọ ọ́ pé kì í ṣe bóyá ẹranko lè ronú tàbí sọ̀rọ̀ ló yẹ ká bi, bí kò ṣe bóyá ó lè jìyà. Àwọn àgbà wa ní bí a bá gégi nígbó, ká fọ̀rọ̀ rora ẹni wò. Bí igi bá yẹ fún ìrònú bẹ́ẹ̀, ẹran ẹlẹ́jẹ̀ ńkọ́?

Àtakò kejì wá láti inú Kùránì fúnra rẹ̀. Súrà kẹrìndínlógún, ẹsẹ kẹjọ, sọ pé Ọlọ́run dá ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kí ẹ lè gùn wọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ ọ̀ṣọ́. Bí Ẹlẹ́dàá bá sọ pé ọ̀ṣọ́ ni, kí ló dé tí mo fi ń ka ọ̀ṣọ́ léèwọ̀? N kò kà á léèwọ̀. Ẹwà ẹṣin jẹ́ ohun tí ó tọ́ kí ojú gbádùn. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, jẹ́ ohun àmúyangàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin Durbar ní Kano, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni ọjọ́ ayẹyẹ. Ọjọ́ tó kù nínú ọdún lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹṣin tó ń jó lójúde ọba, níbo ló wà ní ọjọ́ Túsìdeè tí òjò ń rọ̀, tí kò sí kámẹ́rà, tí kò sí onílù? Ibẹ̀ ni mo ti ń wọn ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín sí ọ̀ṣọ́ náà. Ọ̀ṣọ́ tó bá jẹ́ pé ìyà ló wà lẹ́yìn rẹ̀ kò bá ẹsẹ yẹn mu, nítorí pé ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ń ka ẹran ọ̀sìn mọ́ àánú tí Ọlọ́run ṣe fún wa.

Èyí tó ṣòro jù láti dáhùn kò wá látẹnu àwọn tí kò bìkítà fún ẹṣin. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ló ti wá. Wọ́n ní pápá ìgẹṣin ilé fúnra rẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni: èèyàn mú ẹran tó yẹ kó wà ní ọ̀dàn, ó tì í mọ́ inú ògiri, ó wá ń yí i ká lórí iyanrìn bí ẹni tó ń lọ ata. Òtítọ́ púpọ̀ wà nínú èyí, ìdí sì nìyí tí n kò fi sọ pé kíkọ́ pápá náà ti san gbèsè. Lílò rẹ̀ ló ń san án. Ẹni tó ń fi okùn yí ẹṣin po lápá kan ṣoṣo fún wákàtí kan ń ba oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kó yí sọ́tùn-ún kó sì yí sósì, ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì jẹ́ kó rìn tààrà pẹ̀lú. Iyanrìn tó bá jìn jù a máa fa iṣan ẹsẹ̀ ya, ilẹ̀ tó bá le gbagidi a máa mi eegun. Bìní tún ní ìṣòro tirẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 2,000 mìlímítà, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ sì rọrùn fún àgbàrá láti gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gbun Queen Ede ṣe fi han gbogbo ayé. Pápá tí a kò la ojú omi fún yóò di ẹrẹ̀ ní oṣù keje, pátákò tó ń dúró sínú ẹrẹ̀ àti ìtọ̀ yóò jẹrà; bí a bá sì la ojú omi, tí a darí rẹ̀ sí ilé aládùúgbò, a ti fi ẹ̀tọ́ èèyàn san gbèsè ẹṣin. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ wákàtí ló yẹ kí wọ́n tú gàárì àti ìjánu kúrò, kí wọ́n fi koríko sí igun pápá náà, kí wọ́n sì fi ẹṣin sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, tòun ti ẹṣin mìíràn bó bá ṣeé ṣe, nítorí pé ẹran agbo ni ẹṣin, ìdáwà a máa dẹ́rù bà á. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kó ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀sán gangan.

Xenophon, jagunjagun ará Gíríìkì tó kọ̀wé lórí ìgẹṣin ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ó lé irínwó sẹ́yìn, sọ pé ohun tí a bá fi ipá mú ẹṣin ṣe kò lè yé e, kò sì lè lẹ́wà, àfi bí ẹni ń na oníjó kó lè jó. Ọmọ ogun ló sọ ọ́, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ bí ẹṣin rẹ̀ bá ṣe gbọ́ràn tó. Ó fi hàn pé ohun tó dára fún ẹṣin àti ohun tó ń mú ìgùn rẹ̀ wuni kò ta kora. Ẹni tó bá ń lo pápá rẹ̀ bí ibi tí òun àti ẹṣin ti ń gbọ́ ara wọn yé, kò ní nílò pàṣán púpọ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá dé. Nítorí náà, mo dá àwọn tó sọ pé ẹ̀wọ̀n ni lóhùn báyìí: kò dára tó ọ̀dàn, kò sì ní dára tó o láéláé. Ṣùgbọ́n ẹṣin náà ti dé Bìní, a kò sì lè sọ fún un pé kó fẹsẹ̀ rìn padà sí Katsina. Láàárín ilé tí a tì àti ọ̀dàn tó jìnnà, pápá tí a lò dáadáa ni ohun tó sún mọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ jù.

Àwọn kan yóò sọ pé ebi ń pa èèyàn ní ìlú yìí, kí ló dé tí a fi ń sọ̀rọ̀ iyanrìn ẹṣin. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ebi èèyàn, ẹni tó ra ẹṣin ni kí wọ́n bá wí kó tó rà á. Lẹ́yìn tó ti rà á, fífi ebi ìrìn pa ẹṣin kò fi oúnjẹ sí ẹnu ẹnikẹ́ni. Òfin ìwà ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà náà, ní abala 495, ka ìwà ìkà sí ẹran sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ rántí olùtọ́jú ẹṣin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sábà máa ń bá ẹṣin náà wá láti Òkè Ọya, tó ń sùn létí ilé ẹṣin. Bí owó oṣù rẹ̀ kò bá tó jẹun, kò sí pápá tí yóò gba ẹṣin náà là, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí wà.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹṣin ní Bìní nìyí, tàbí ní Ìjẹ̀bú, tàbí ní Ìbàdàn. Bí ilẹ̀ rẹ kò bá tó, bá àwọn ẹlẹ́ṣin mìíràn pawọ́ pọ̀ ra ilẹ̀ tó fẹ̀ lẹ́yìn ìlú, kí àwọn ẹṣin yín lè wà pọ̀ níbẹ̀. Bí agbára rẹ kò bá ká ìyẹn náà, tí o sì fẹ́ gun ẹṣin lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ tàbí lọ́jọ́ oyè, yá a lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, san owó tó tọ́, kí o sì jẹ́ kó padà sílé kí oòrùn tó mú. Má ra ẹṣin.